Ta Ni Yóò Jẹ Èrè Èkùrọ́?

 Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a ó dìbò lé lórí níbi ìpàdé gbogboogbò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa tó ń bọ̀, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú gbọ̀ngàn láìtíì rò ó dáadáa. Àwọn kan nínú wa ní kí ẹgbẹ́ yọ nínú owó tí a ti fi pamọ́, kí a fi ra ẹ̀rọ tí ń fún àdín, kí a gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀sítéètì, kí àwa náà di onílé iṣẹ́. Àwọn mìíràn ní èkùrọ́ kì í ṣe ọjà tó yẹ kí ènìyàn tìtorí rẹ̀ fọ́ kóló. Àwa tí à ń kọ ojú ewé yìí kò sí lẹ́yìn èkíní, a kò sì sí lẹ́yìn èkejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bínú sí wa.

Ibi tó ti dùn wá ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àwa mélòó kan nínú ẹgbẹ́ da èkùrọ́ wa pọ̀, a háyà lọ́rì, a sì gbé ẹrù lọ sí ilé iṣẹ́ kan tí ń fún àdín. A kò ní dárúkọ wọn, nítorí wọn kò ṣẹ̀ wá. Ọkùnrin tó wà lẹ́nu géètì ki irin bọ inú àpò, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó gé ẹyọ kan jẹ, ó tu ú dànù. Ó ní, "Ó tutù. Ó sì ti ń bu. Ẹ gbé e padà." A bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Bí a ṣe san owó lọ́rì àlọ nìyẹn tí a tún san ti àbọ̀. Alárobọ̀ kan ló wá kó gbogbo rẹ̀ ní iye tó wù ú, nítorí ó mọ̀ pé a kò ní ibòmíràn tí a lè kó o lọ.

Ìyá àgbà kan ló ni àpò mẹ́fà nínú ẹrù náà. Nígbà tí a lọ fún wọn lówó wọn, wọ́n kà á, wọ́n tún un kà, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé gbogbo rẹ̀ rèé?" A ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ ló pa á, kì í ṣe èmi. Nígbà tí mo ń fi ọwọ́ pa á, ta ló dá tèmi padà rí?" A kò rí èsì fún Màmá lọ́jọ́ náà. A ti wá rí i báyìí, a ó sì sọ ọ́ nígbà tí a bá débẹ̀.

Kò sí igi tí Yorùbá mọ̀ lò tó ọ̀pẹ. A kò ní sọ ti ẹmu, a kò ní sọ ti màrìwò àti ìgbálẹ̀. Ti èkùrọ́ nìkan là ń sọ. Ẹyìn kan ṣoṣo, òróró méjì ni Ọlọ́run fi sí i. Èyí tó wà lára ẹran rẹ̀ ni epo pupa, èyí tó wà nínú kóró ni àdín. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò jọra. Àdín bá òróró àgbọn tan ju epo pupa tí wọ́n jọ jáde láti inú ẹyìn kan náà lọ, ìdí sì nìyẹn tí ọṣẹ tí a fi àdín sè fi máa ń hó tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá wa mọ èyí láìlọ ilé ìwé kankan. Wọ́n a yan èkùrọ́ nínú ìkòkò títí yóò fi dúdú, tí òróró yóò máa ṣẹ́ jáde, wọ́n a sẹ́ ẹ, wọ́n a da eérú èèpo kòkó tàbí ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, ọṣẹ dúdú dé. Àdín yìí kan náà ni wọ́n fi ń pa ọmọ tuntun lára, tí wọ́n fi ń pa irun, tí wọ́n fi ń po àgúnmu àti ìpara. Kí kẹrosíìnì tó dé, òun náà wà nínú ohun tí à ń fi tan fìtílà.

Ní ilé Ifá, ikin mẹ́rìndínlógún tí babaláwo ń kó sọ́wọ́, èkùrọ́ ni, èkùrọ́ ọ̀pẹ Ifá tí ojú rẹ̀ máa ń tó mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èṣù ní tirẹ̀, ẹ má dán an wò: àdín lèèwọ̀ rẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ máa ń fi èèpo èkùrọ́ koná nítorí ó gbóná ju igi lọ, kì í sì í tètè kú. Àwọn ọmọdé ń jẹ ẹ́ lásán, àwọn àgbà ń jẹ ẹ́ mọ́ ẹ̀wà, òun ni wọ́n fi ń pòwe pé èkùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà. Ọjà tó wà ní ilé Ifá, tó wà ní ilé arọ, tó wà lára ọmọ ọwọ́, tó tún wà lẹ́nu ọmọdé, ṣé irú rẹ̀ ni ẹnì kan yóò máa pè ní ọjà yẹpẹrẹ?

Ẹ jẹ́ ká yà bàrá díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ẹ̀mí ju ọjà lọ. A ṣì ń gbọ́ pé bí ọmọ bá mu kẹrosíìnì, àwọn kan a da àdín tàbí epo pupa sí i lẹ́nu kó lè bì í jáde. Ẹ má ṣe é mọ́. Kẹrosíìnì tí ọmọ ń bì lè gba ọ̀nà ọ̀fun bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ni ewu wà jù. Bákan náà ni ti gìrì: ọmọ tí gìrì ń mú, a kì í da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ọsibítù ni kí ẹ sáré gbé e lọ. Kí ẹ fi àdín pa á lára, ìyẹn kò burú, ṣùgbọ́n kó má dí yín lọ́wọ́ ọ̀nà ọsibítù.

Ó kù nǹkan kan nípa àtijọ́ tí a kò gbọdọ̀ fò, òun gan-an ló sì mú wa kọ̀wé yìí. Ní ọ̀pọ̀ ilé, bí ọkọ bá ni ọ̀pẹ, tí ọkọ sì ni epo, aya ló ni èkùrọ́. Ọkọ á ta epo, á mú owó rẹ̀. Aya á kó èkùrọ́ jọ sí ẹ̀yìnkùlé, á máa pa á díẹ̀díẹ̀ lórí òkúta, lálẹ́, nígbà tí iṣẹ́ mìíràn bá dẹwọ́. Iṣẹ́ ìnira ni o. Òkúta a máa gé ìka. Ṣùgbọ́n owó obìnrin ni, ẹnikẹ́ni kì í bi í pé èló ló pa. Mélòó nínú àwa tí à ń pe ara wa ní oníṣòwò lónìí ni kò jẹ nínú owó èkùrọ́ ìyá rẹ̀?

Èrè tí ìyá wa rí kéré púpọ̀ sí ti àwọn tó rà á lọ́wọ́ wọn, Ìkòròdú yìí sì mọ ìtàn náà dáadáa. Ní 1865, Ẹ̀gbá dó ti ìlú wa. Ọ̀nà ọjà ni wọ́n ń jà lé lórí, ọ̀nà tí ẹrù Ìjẹ̀bú Rẹ́mọ àti ti òkè ń gbà dé etí ọ̀sà láìkọjá lọ́wọ́ Abẹ́òkúta. Ní oṣù kẹta ọdún náà ni Glover, tó ń ṣe àkóso Èkó fún àwọn òyìnbó, kó ọmọ ogun gba orí ọ̀sà wá tó sì lé wọn. Kì í ṣe nítorí ojú wa tó dára ni Glover ṣe wá o. Ọjà ló wá wò.

Láàárín àwọn ọdún 1860 yẹn náà ni òwò èkùrọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní Èkó. Kó tó di ìgbà náà, epo pupa ni òyìnbó ń wá. Àwọn ará Jámánì, àwọn bíi ilé iṣẹ́ G. L. Gaiser ti Hamburg, ló rí i pé owó wà nínú kóró. Ará Faransé kan, Mège-Mouriès, wá ṣe bọ́tà àtọwọ́dá ní 1869, nígbà tó yá, àdín náà bá wọn wọ inú bọ́tà. Kí ogun 1914 tó dé, Jámánì ni èyí tó pọ̀ jù nínú èkùrọ́ wa ń lọ. Wọ́n á fún un lọ́hùn-ún, wọ́n á fi òróró rẹ̀ ṣe ọṣẹ àti bọ́tà, wọ́n á fi ìdọ̀tí rẹ̀ bọ́ màlúù. Lẹ́yìn ogun, ní 1919, àwọn Gẹ̀ẹ́sì bu owó-orí £2 lé tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan tí kò bá lọ sí ilẹ̀ ọba wọn, kí àwọn onílé iṣẹ́ tiwọn lè rí i fún. Ní 1922 ni wọ́n tó mú un kúrò. Jámánì ń fà, Gẹ̀ẹ́sì ń fà, kò sí ẹni tó bi ìyá tó jókòó ti òkúta léèrè pé kí ni tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Ní àkókò tí a gba òmìnira, ní 1960, èkùrọ́ tí Nàìjíríà kó sọ́kọ̀ lọ sókè òkun lé ní 400,000 tọ́ọ̀nù. Kóró ni, wọn kò fún un. Ní 1977 ìjọba àpapọ̀ dá Bọ́ọ̀dù tó ń rí sí epo àti èkùrọ́ sílẹ̀. Ní 1986 wọ́n tú u ká pẹ̀lú àwọn Bọ́ọ̀dù yòókù. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé Bọ́ọ̀dù kì í sanwó tó bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, kò sí iye kan tí ìjọba ń kéde mọ́, kálukú ló ń ná tirẹ̀ lójú títì. Ẹni tó ní ẹrù púpọ̀ tó gbẹ ló ń rí owó gidi gbà. Ẹni tó ní àpò kan tó tutù, ẹran ìjẹ ni.

Ní báyìí, Hamburg kọ́ ni èkùrọ́ ń lọ mọ́. Iwájú ilé wa ló ń gbà kọjá. Lọ́rì ń kó o láti Ìmọ́ta, láti Agbówá, láti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ àti Ṣágámù, ó ń kọjá lójú wa lọ bá àwọn onílé iṣẹ́. Èyí ló ń ká àwọn ọ̀dọ́ wa lára, ohun tó sì mú wọn ní kí a ra ẹ̀rọ nìyẹn. A kò dá wọn lẹ́bi. Wọ́n ti ṣírò rẹ̀: ìlàjì èkùrọ́, tàbí kó dín díẹ̀, òróró ni. Nínú 100 kìlò, ẹ̀rọ tó dára lè fún nǹkan bíi 40 kìlò àdín, ìyókù á sì di ìdọ̀tí tí àwọn ọlọ́sìn ń rà. Oko ẹja wà ní Odógunyàn, oko adìẹ wà ní Erikorodu, oníbàárà kò jìnnà. (Kí a sọ òótọ́, ìdọ̀tí èkùrọ́ kì í ṣe oúnjẹ tí adìẹ kéékèèké lè jẹ púpọ̀, ó le jù fún wọn. Màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ ló bá lára mu.) Èèpo náà ti di ọjà. Àwọn ará Japan ń rà á láti Indonesia àti Malaysia láti fi ṣe iná mànàmáná, àwọn onísímẹ́ńtì Ewékorò náà sì ń fi irú rẹ̀ koná. Ohun tí alágbẹ̀dẹ ti mọ̀ láti ayébáyé ni. Àwa ńkọ́? Àwa ń dà á sójú ọ̀nà kí mọ́tò má bàa rì nínú ẹrẹ̀.

Gbogbo ìṣirò yìí dára. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin ẹnu géètì sọ: ó tutù. Èsì Màmá rèé báyìí. Bí obìnrin bá fi ọwọ́ pa èkùrọ́, á kọ́kọ́ sá a sóòrùn fún ọjọ́ púpọ̀ kí kóró lè yọ kúrò lára èèpo, torí bí kò bá gbẹ, ọmọ inú á fọ́ mọ́ òkúta. Bó bá ti pa ọ̀kan, á ṣà á sínú igbá, èèpo á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Omi kò kàn án. Ẹ̀rọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ á fọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀, èèpo àti èkùrọ́ á dàrú mọ́ra. Láti yà wọ́n, àwọn ẹlẹ́rọ á po amọ̀ sínú omi títí yóò fi ki, wọ́n á da àdàpọ̀ náà sí i: èkùrọ́ á léfòó, èèpo á rì. Ọgbọ́n tó dára gan-an ni, ó sì yá. Ṣùgbọ́n èkùrọ́ tó ti inú omi amọ̀ jáde, ó yẹ kí a fi omi mímọ́ ṣàn án, kí a tún sá a títí omi inú rẹ̀ kò fi ní ju bíi 7 nínú 100 lọ. Ta ló ń ṣe ìyẹn? Ẹlẹ́rọ ń kánjú, ẹlòmíràn ń dúró. Oníṣòwò ń kánjú, lọ́rì ń dúró. Wọ́n á rọ ọ́ sínú àpò bẹ́ẹ̀, wọ́n á rán an lẹ́nu. Láàárín ọjọ́ mélòó kan á bu, òróró inú rẹ̀ á kan.

A kò sì gbọdọ̀ máa purọ́ fún ara wa. Àwọn kan wà láàárín wa, wọ́n mọ ara wọn, tí wọn kò fẹ́ kó gbẹ. Omi wúwo, èèpo wúwo, òṣùwọ̀n ni wọ́n sì fi ń rà á. Wọ́n rò pé oníbàárà ni àwọn ń yàn jẹ. Màmá tó ni àpò mẹ́fà ni wọ́n yàn jẹ, torí tirẹ̀ tó gbẹ nínú ẹrù yẹn, abẹ́ tiwọn tó tutù ló wà.

Nítorí náà, bí a bá ra ẹ̀rọ tí ń fún àdín lọ́la, èkùrọ́ tútù yìí náà ni a ó máa kó sí i lẹ́nu. Kò ní fún un dáadáa, àdín tó bá sì jáde á kan. Èyí tó tún kù ni iná. Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀sítéètì ló mọ ohun tí jẹnẹrétọ̀ ń jẹ. Ẹyìn náà ní ìgbà tirẹ̀: ó máa ń pọ̀ láti ìparí ẹ̀ẹ̀rùn wọ ìbẹ̀rẹ̀ òjò, lẹ́yìn ìyẹn á dínkù. Kí ni ẹ̀rọ yóò máa jẹ ní oṣù tí kò sí ẹyìn? Gbèsè ni. Ọ̀pẹ àgíríkì tí àwọn olóko ń gbìn báyìí, irú èyí tó ń wá láti ilé ìwádìí NIFOR ní Bìní, ẹran rẹ̀ pọ̀, èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, èkùrọ́ inú rẹ̀ sì kéré sí ti ọ̀pẹ àtijọ́. Ẹni tó bá fi bí èkùrọ́ ṣe pọ̀ láyé bàbá rẹ̀ ṣírò ti lónìí, ó lè ṣi í.

Ohun tí àwa ń fẹ́ kí ìpàdé gbà kò tóbi. Kí ẹgbẹ́ háyà ilẹ̀, kí a da kọnkéré tó tẹ́jú sí i fún sísá, kí a fi páànù bo apá kan nítorí òjò. Kí a ra òṣùwọ̀n kan tí kò ní màgòmágó. Kí a yan ènìyàn méjì tí yóò máa yẹ àpò wò, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin tó ti fọwọ́ pa èkùrọ́ rí, torí irú wọn kò nílò irin, bí wọ́n bá mi èkùrọ́ létí wọ́n á mọ̀. Èyí tó bá yege ni a ó ta pọ̀ lórúkọ ẹgbẹ́. Èyí tí kò yege, kí olówó rẹ̀ padà lọ sá a.

Ẹnì kan lè ní ìyẹn kéré jù fún ẹgbẹ́ bíi tiwa. Kí ẹni náà rántí bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Kí ọ̀gbẹ́ni Strickland tó kọ ìwé ìwádìí rẹ̀ ní 1934, kí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó jáde ní 1935, àwọn olóko kòkó ti ń kó ara wọn jọ láti àwọn ọdún 1920. Wọn kò ra ẹ̀rọ. Wọ́n bo kòkó wọn dáadáa kó ṣe, wọ́n sá a kó gbẹ, wọ́n kó o pọ̀, wọ́n tà á pọ̀, wọ́n sì gba owó lé e ju ti ẹni tó dá tà lọ. Kòkó gbígbẹ ló kọ́ ilé fún wọn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó ṣeé ṣe kó dá ìjà sílẹ̀. Bí a bá ṣe ètò yìí, orúkọ ta ni yóò wà nínú ìwé? Nínú ìwé ẹgbẹ́ wa báyìí, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń mú èkùrọ́ wá kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ọkọ wọn ni, tàbí ọmọ wọn, tàbí alárobọ̀ tó ń rà á lọ́wọ́ wọn. Bí èrè bá dé nípárí ọdún, àwọn wọ̀nyí ni yóò pín in. Èkùrọ́ tó jẹ́ ti aya láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, àwa alájẹṣẹ́kù la ó wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti òǹtẹ̀. A kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá mú èkùrọ́ wá, orúkọ tirẹ̀ ni kí akọ̀wé kọ, kí a máa yọ owó ìpín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára ohun tó bá tà títí yóò fi pé, kí wọ́n sì ka káàdì rẹ̀ fún un lédè tó gbọ́. Bí ọkọ bá fẹ́ ìpín, kí òun náà mú èkùrọ́ tirẹ̀ wá.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ ká tún gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn ìgbà ẹyìn méjì, nígbà tí a bá ti rí i nínú ìwé wa pé èkùrọ́ gbígbẹ tí à ń kó jọ tó ohun tí ẹ̀rọ lè jẹ. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ti ṣe ìṣirò, kí wọ́n má sọ ìwé wọn nù, a ṣì máa bi wọ́n.

Ẹni tó bá ní èkùrọ́ nílé, kó mú ẹ̀kúnwọ́ kan dání wá sípàdé, kó má ṣà á. A ó gbé abọ́ sórí tábìlì níwájú alága, a ó gé e jẹ lójú ara wa kí a tó dìbò.